Onídùúró

Ní Ṣómólú, lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé tí ẹ̀rọ kì í dákẹ́,
mo ń ká ìwé ìpè ìgbéyàwó ẹlòmíràn,
ẹgbẹ̀rún kan lóòjọ́.
Íǹkì aláwọ̀ wúrà kò kúrò léèékánná mi.
Ìwé ẹ̀rí tèmi wà ní Àkọ́kà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan:
ọdún kẹfà rèé tí orúkọ mi ti ń sìn níbẹ̀ bí ìwọ̀fà
tí ará ilé rẹ̀ gbàgbé.

Bọ̀dá Múfú tó ń ta gíláàsì ní Ìdúmọ̀tà
ló ń san owó ilé-ìwé mi,
títí ó fi rí fọ́tò kan:
èmi àti Tàwákálítù létí ọ̀sà,
orí mi léjìká rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò pariwo.
Ó mú bírò, ó kọ gbogbo owó tó ti ná lé mi lórí sílẹ̀,
tó fi kan bàtà tó rà fún mi ní pírámárì kẹta.
“Dá a padà. N kò fowó mi tọ́ irú èyí.”

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀
kò ní í rí i rà ní ọ̀wọ́n.
Bọ̀dá Múfú ò tà mí lọ́pọ̀.
Ó ṣírò mi dé orí kọ́bọ̀.

Mo lọ yá owó lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.
Onídùúró kìíní: bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n.
Onídùúró kejì: ọkọ.
Mo wo àyè tó ṣófo náà,
ó fẹ̀ ju yàrá wa lọ.
Mo dá bírò padà fún akọ̀wé.

Ní Bàríga, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wá lójú onílé.
Ẹní méjì la tẹ́ sílẹ̀ nítorí àlejò;
ọ̀kan nínú wọn ò tíì gbó.
Nínú fóònù mi, “Táílọ̀ Bàríga” ni mo pe Tàwákálítù,
kí ẹni tó bá yọjú wò ó má baà rí ìfẹ́,
kó rí abẹ́rẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ fóònù, owó wọlé kí n tó mí.
Kò bèèrè ọkọ, kò bèèrè bàbá.
Ohun kan péré ló tọrọ:
kí n jẹ́ kó ka orúkọ gbogbo ẹni tí mo mọ̀.

Ológò ayé àtijọ́ a wọlé onígbèsè,
a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a bú baba, a bú ìyá,
a pa adìẹ ilé jẹ.
Ṣùgbọ́n ó lójú, ó nímú,
oorun a sì máa kùn ún.
Èyí kò jókòó síbì kan.
Àpò mi ló ń gbé.

Ọjọ́ kẹta tí mo pẹ́ san, ó ránṣẹ́ sí gbogbo wọn:
ìyá mi, áfáà tó kọ́ mi ní kéú,
ọmọkùnrin tó ń já pépà fún wa.
“Olè ni obìnrin yìí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”
Ìyá mi ò fèsì.
Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó gé nínú owó oṣù mi.

Orúkọ olè kọ́ ló ń gbọ̀n mí jìnnìjìnnì.
Mo dùbúlẹ̀, mo ń rò ó:
bó bá lọ ṣí àwòrán ńkọ́?
Owó a máa tán nílẹ̀.
Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ńkọ́?

Ó kan Táílọ̀ Bàríga.
Aago mẹ́ta òru, ó wà ní wọ́ọ̀dù ní Èbúté Mẹ́ta,
ó di ọwọ́ arúgbó kan mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.
Fóònù dún. Ó ka iye tó kù láti kà.
Lẹ́yìn náà ló dá wọn lóhùn:
“Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni onídùúró rẹ̀.
Eélòó ló kù?”

Ó wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti òórùn ísáàlì,
kò mẹ́nu bà á.
Ìwé Bọ̀dá Múfú ṣì wà lábẹ́ ẹní kejì,
èyí tí kò gbó.
A ti fagi lé bàtà.